Ìjókòó kọ́ ni oògùn ọkàn mi

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, tí èmi kì í kọ ju "àmín" lọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ kí ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ẹgbẹ́ tí àìsàn ọkàn ń bá fínra. A bá a lórí àga nídìí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kó má dìde rárá. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ bá mi sọ fún un kó sinmi o." Gbogbo wa la ní kó sinmi. Èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn há sí lọ́nà ọ̀fun. Mo ti jókòó sórí irú àga yẹn rí fún oṣù mẹ́jọ, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ mí. Èmi ni mò ń ta léèsì àti àǹkárá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ahmadu Bello Way. Bàbá mi ló kó wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Inú ọjà Terminus ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà títí ọjà yẹn fi jóná ní 2002. Lẹ́yìn iná yẹn ni mo gba ṣọ́ọ̀bù òkè, torí owó rẹ̀ dín sí ti ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn 24 lèèyàn máa gùn kó tó débẹ̀. Fún ọdún 15, mi ò ka àtẹ̀gùn yẹn rí. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe mí.

Ìgbà òjò 2017 ni. Mo gbé ìdì aṣọ kan léjìká, kò tiẹ̀ wúwo. Nígbà tí mo dé àtẹ̀gùn kẹwàá, èémí mi gé. Àyà mi wá ń lù, kì í sì í ṣe bó ṣe máa ń lù téèyàn bá sáré. Ṣé ẹ ti rí ọmọdé méjì tí wọ́n jọ ń gún iyán nínú odó kan, tí ọwọ́ wọn ò bára mu? Ọ̀kan á sọ ọmọ odó kí ti èkejì tó gbéra, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún sáré gún un lẹ́ẹ̀mẹta. Bó ṣe ń ṣe mí láyà nìyẹn.

Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Mo tún dá ìlú lẹ́bi: ó ṣe tán, orí òkè ni Jọ́ọ̀sì wà, ó fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju ojú òkun lọ, òtútù rẹ̀ sì ń wọ egungun. Oníkẹ́míìsì kan ní ulcer ni, ó fún mi ní oògùn olómi funfun kan. Ẹlòmíràn ní mi ò sùn tó. Mo mu àgbo. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo ti ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé òkè. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi obìnrin tó wá láti Bukuru gùn ún kọjá lára mi, ó dé òkè, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi bí mo ṣe di irin àtẹ̀gùn mú. Ó ní, "Baba, sannu." Ìtìjú yẹn ló gbé mi dé ọsibítù.

Dókítà tó rí mi jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ. Hausa la jọ ń sọ. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago. Mo rò pé ó máa kà á díẹ̀, kó wá sọ ọ́ di ìlọ́po. Rárá o, odidi ìṣẹ́jú kan ló fi kà á. Ó tún gbé ẹ̀rọ etí rẹ̀ lé mi láyà, ó tún ka odidi ìṣẹ́jú kan. Lọ́wọ́, 96. Láyà, 128. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣì í kà?" Ó ní òun ò ṣì í kà. Ó ní àwọn ìgbà kan wà tí ọkàn mi ń lù, àmọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde kéré débi pé èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Wọ́n wá lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n ṣe ECG fún mi. Orúkọ tó kọ sínú káàdì mi ni atrial fibrillation.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwọn ti òkè ló ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ń wọlé, wọ́n á tì í sí ìsàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ á wá fi agbára tì í jáde lọ sí ara. Ọkàn fúnra rẹ̀ ní iná kékeré kan tó ń sọ fún yàrá kọ̀ọ̀kan ìgbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́. Nínú àìsàn tèmi yìí, iná ti dàrú ní yàrá òkè. Kò lè ti ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ó kàn ń gbọ̀n ṣáá ni. Àṣẹ tó sì ń dé ìsàlẹ̀ ń dé ségesège.

Kí ló wá kan àtẹ̀gùn níbẹ̀? Ẹ rántí bí a ṣe ń fa omi nínú kànga. Tí dòrò bá kan omi, ẹ ní láti jẹ́ kó rì, kó kún, kí ẹ tó fà á. Tí ẹ bá ń kánjú, tí ẹ ń fà á kó tó kún, ẹ lè fà á lẹ́ẹ̀mejì ti ẹlòmíràn, kó má sì kún kéèkù. Ọkàn tó dá ṣáṣá máa ń yára téèyàn bá ń gun òkè, síbẹ̀ ó ń ráyè kún. Tèmi ò ráyè. Kí n tó dé àtẹ̀gùn kẹwàá, ó ti ń lù kọjá 160 láàárín ìṣẹ́jú kan, yàrá òkè ò sì bá a ti nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ń bèèrè ẹ̀jẹ̀, ọkàn ń sáré, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ẹsẹ̀ ò tó nǹkan.

Ó kọ oògùn fún mi. Ọ̀kan ni bisoprolol, kí ọkàn lè rọra máa lù, kí dòrò lè máa kún. Èkejì ni warfarin, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró sójú kan nínú yàrá tó ń gbọ̀n yẹn lè dì, kó ṣí lọ sí ọpọlọ, kó di rọpárọsẹ̀. Ó ní ewu rọpárọsẹ̀ fún ẹni tó ní àìsàn yìí tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ti ẹni tí kò ní in. Torí warfarin yẹn, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lóòrèkóòrè, mo sì ti dágbére fún àgbo. Ó wá bi mí léèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo dákẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní in. Ọjọ́ tí orí bá fọ́ mi ni mo máa ń rántí oògùn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára ohun tó máa ń fa irú àìsàn yìí jù. Mi ò lè purọ́ fún yín, ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo ní ọkàn ni, Ìyá Báyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù níbí yìí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 31, kò sì dìde mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á títí di òní. Láti ọjọ́ yẹn, ó ní, "Bàbá Báyọ̀, ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́ o." Báyọ̀ wá láti Àbújá, ó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé àga kan sí pálọ̀. Tí mo bá fẹ́ mu omi, ọmọ á sáré lọ bù ú wá. Tí mo bá fẹ́ dìde, wọ́n á pariwo, "Ẹ jókòó, Bàbá!" Ìfẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

Oṣù kìíní dùn, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Nígbà tó di oṣù kẹrin, láti orí àga dé ilé ìwẹ̀ ti ń rẹ̀ mí. Ṣòkòtò mi ń ṣò nítan, ó ń há nínú. Mo ní àìsàn ń le sí i. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ Báyọ̀ àti ìyá rẹ̀ nínú yàrá kejì. Wọ́n ní kí wọ́n ta ọjà tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí n lọ sinmi. Ẹni ọdún 58 ni mí nígbà náà. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní ìdálẹ̀ mọ bó ṣe ń rí. Ojoojúmọ́ là ń sọ pé a máa padà sílé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wa la fẹ́ fi padà, a ò fẹ́ kí wọ́n gbé wa lọ. Mi ò sùn lóru yẹn.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo ní oògùn ò ṣiṣẹ́. Ó kà á lọ́wọ́, 78. Ó kà á láyà, 82. Ó ní oògùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó mú mi jáde sí kọ́rídọ̀. Wọ́n ti fa ìlà méjì síbẹ̀, 30 mítà ló wà láàárín wọn. Ó ní kí n máa rìn lọ rìn bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, bí mo bá ṣe lè rìn tó, kí n dúró tó bá rẹ̀ mí. Mo rìn 270 mítà. Ó bi mí pé kí ni mo ń ṣe nílé láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ní mò ń jókòó. Ó ní, "Ta ló ní kí ẹ jókòó, Baba?"

Mo rò ó títí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi ní ọsibítù. Àwa ni a sọ ọ́ fún ara wa, torí ọ̀rọ̀ ọkàn ń dẹ́rù bani. Ó ṣàlàyé pé iṣan ẹsẹ̀ tí kò bá ṣiṣẹ́ máa ń joro, kì í sì í mọ ẹ̀jẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lò dáadáa mọ́. Ọkàn á wá ní láti ṣe wàhálà púpọ̀ sí i lórí iṣẹ́ kan náà. Àìsàn gba díẹ̀ lára agbára mi lóòótọ́, àga ló gba èyí tó kù. Ó tún ní ìwádìí kan jáde láti Adelaide ní Australia ní 2015, lórí àwọn tó ní irú àìsàn yìí tí wọ́n sì sanra. Àwọn tí agbára ara wọn gbé pẹ́ẹ́lí nípa eré ìdárayá, àìsàn náà kì í tètè padà kì wọ́n mọ́lẹ̀ bíi ti àwọn tí agbára wọn ò kúrò lójú kan.

Ìlànà tó fún mi ò pọ̀. Kí n rìn fún ìṣẹ́jú 10, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kí n rọra bẹ̀rẹ̀, kí n sì rọra parí, kí n má kàn dúró lójijì. Tó bá ti rọrùn, kí n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un títí á fi di 30. Kí n má fo oògùn. Tí àyà bá dùn mí, tàbí òyì kọ́ mi, tàbí ojú mi ṣú, kí n dúró, kí n sì wá sí ọsibítù. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi ìgboyà rìn kọjá.

Mo bi í pé ṣé kí n ra aago tó ń ka lílù ọkàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkàn tó bá ń lù ségesège lè tan aago jẹ. Ẹnu mi ni kí n fi wọ̀n ọ́n. Tí mo bá ń rìn, tí mo sì lè sọ gbólóhùn kan dópin, ìwọ̀n mi nìyẹn. Tí mo bá lè kọrin, mò ń ya ọ̀lẹ. Tí ọ̀rọ̀ bá ń já sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu mi, mo ti kọjá ìwọ̀n.

Ẹ̀yin náà mọ bí ìkíni ṣe gùn tó ní ìlú tí a wà yìí. Ina kwana, ina gajiya, yaya iyali, yaya aiki, ẹ ò tíì parí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo jáde, mo ń rìn lọ, mo ń kí mai shayi tó wà ní kọ́nà wa. Mo dé "ina gajiya," èémí tán. Òpó iná mẹ́rin péré ni mo rìn kí n tó ṣẹ́rí padà. Mo wá fi ìkíni yẹn ṣe ìwọ̀n mi. Tí mo bá lè kí i tán láìdúró mí, ẹsẹ̀ mi ń lọ dáadáa. Tí mi ò bá lè kí i tán, mo máa ń rọra. Mai shayi ò mọ̀ pé òun ni aago mi.

Mo dé òpó keje ní ọ̀sẹ̀ kẹta, orí mi wá wú. Mọ́tò aládùúgbò wa kan kú sójú ọ̀nà, àwọn ọmọkùnrin ń tì í gun òkè. Èmi náà fi èjìká tì í. Kò pé ìṣẹ́jú kan, àwọn ọmọdé méjì yẹn ti padà dé inú odó. Òyì kọ́ mi, mo jókòó sétí gọ́tà. Àwọn ọmọ yẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Ìyá Báyọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò rí bàtà mi. Mo wá a títí. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ló gbé e pamọ́. Mo fẹ́ bínú. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún wá pè mí sójú ọ̀nà ni, bí wọ́n ṣe pè mí sí pápá lọ́jọ́sí?" Ó sunkún. A ti fẹ́ra wa fún ọdún 29, mi ò mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n pè lọ́jọ́ náà. Ẹnu mi wọhò.

Mi ò bá a jiyàn. A jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà fetí sí i títí ó fi parí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kí i kú ìbànújẹ́. Ó yẹ̀ mí wò, ó bá mi wí lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò, torí ìyẹn kì í ṣe ìrìn, agbára tí mi ò tíì ní ni mo ná. Ó wá yíjú sí ìyàwó mi, ó ní òun ò lè ṣèlérí pé nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀ láé, ṣùgbọ́n orí àga kì í ṣe ibi tí ewu ò lè dé. Ó ní, "Mama, ẹ máa bá a rìn." Bí a ṣe délé, ó mú bàtà mi jáde láti abẹ́ àpótí aṣọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń rìn lẹ́yìn mi bí ọlọ́pàá, fóònù lọ́wọ́, nọ́ńbà Báyọ̀ ti wà lójú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi ni mò ń gbọ́, "Ẹ dúró dè mí, jàre!" Ta ló wá ń mí hẹlẹhẹlẹ? Kò sí ẹ̀rín tó dùn mọ́ mi bíi ti ọjọ́ yẹn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, wọ́n tún mú mi lọ sí kọ́rídọ̀ yẹn. Mo rìn 375 mítà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: ọkàn mi kò padà sípò. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ṣì ń lù ségesège. Oògùn ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi. Kò sí iṣẹ́ ìyanu kan níbẹ̀. Ọkàn kan náà ni, òun náà ló wá ń gbé mi jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn, a lọ sí Ahmadu Bello Way. Ìyá Báyọ̀ dúró sísàlẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Mo gun àtẹ̀gùn 12, mo dúró, mo mí títí èémí mi fi balẹ̀. Mo gun 12 tó kù. Mi ò gbé nǹkan kan lọ́wọ́, mi ò sì sáré. Báyọ̀ dìde lórí àga ìdí káńtà, kò sọ nǹkan kan, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Títí di òní, bí mo ṣe ń gùn ún nìyẹn, méjìlá, ìsinmi, méjìlá. Ọmọ ọjà ló ń gbé ìdì aṣọ.

Ẹ má gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé o. Kì í ṣe gbogbo àìsàn ọkàn ló dọ́gba. Àwọn kan wà tí ìsinmi tọ́ sí lóòótọ́ kí ara wọn tó balẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń sáré bíi tèmi kí n tó lo oògùn kò gbọdọ̀ kàn bọ́ sí òpópónà. Dókítà ló máa sọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè. Àwa kì í béèrè, àga la máa ń gbé wá.

Ohun kan tí ẹ lè ṣe lálẹ́ òní rèé. Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, kí ẹ sì fetí ọkàn sí i fún odidi ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń lù ségesège, tí kò bára mu, ẹ má lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ẹ lọ ṣe ECG. Ẹ sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kódà lọ́jọ́ tí orí ò fọ́ yín.

Ní ti ẹ̀gbọ́n wa tí a lọ kí, mo máa padà lọ ní Sátidé. Mi ò ní sọ fún un pé kó dìde, èmi kì í ṣe dókítà. Ìyàwó rẹ̀ ni mo máa bá jókòó. Mo máa bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù, màá sì gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, màá bẹ̀ ẹ́ pé tí wọ́n bá padà sí ọsibítù, kó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Báwo ló ṣe lè rìn tó?"

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹsẹ̀ ara wa gbé wa délé.